Ta Ni Arọ́pò-Orúkọ Ń Rọ́pò Gan-an?

"Arọ́pò-orúkọ ni ọ̀rọ̀ tí a máa ń lò dípò ọ̀rọ̀-orúkọ nínú gbólóhùn." Kò sí ẹni tó jókòó ní kíláàsì Yorùbá rí tí kò ka èyí lórí. Adé ra bàtà. Ó ra bàtà. "Ó" gba ipò Adé, Adé lọ jókòó, ọ̀rọ̀ parí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò ní Yorùbá nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, bí mo sì ṣe ń kọ́ wọn náà nìyẹn, torí ohun tí ẹni tó máa máàkì ìwé wọn ń retí nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí mo bá délé, tí mo gbọ́ bí àwọn ará ilé wa ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, mo máa ń rí i pé orúkọ tí wọ́n fún ọ̀rọ̀ yìí bá wa mu ju ìtumọ̀ rẹ̀ lọ. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ ní ohun tí wọ́n ń rò. Àwa tí a jogún orúkọ náà, nǹkan mìíràn pátápátá la ń fi í ṣe.

Ọ̀nà jíjìn ló ti wá. Àwọn ará Gíríìkì ló kọ́kọ́ pè é ní antonymía: anti ni "dípò", ónoma ni "orúkọ". Ìwé gírámà kékeré kan wà tí wọ́n máa ń sọ pé Dionysius Thrax ló kọ ọ́ ní nǹkan bí ọdún 100 ṣáájú ìbí Jésù. Ìsọ̀rí ọ̀rọ̀ mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, antonymía sì jẹ́ ọ̀kan. Kó tó dìgbà yẹn, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Stoic kò tilẹ̀ yà á sọ́tọ̀. Wọ́n kà á mọ́ àwọn ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ tó máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ lédè wọn.

Nígbà tí àwọn ará Róòmù gba gírámà lọ́wọ́ Gíríìkì, ńṣe ni wọ́n tú orúkọ náà bó ṣe wà: pro, dípò, nomen, orúkọ, ó di pronomen. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún iye ìsọ̀rí yẹn débi pé, nígbà tí wọ́n rí i pé Látìnì kò ní ọ̀kan nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, wọn ò jẹ́ kó di méje. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìyanu, irú "háà" àti "yéè", dí àlàfo rẹ̀ kó lè pé mẹ́jọ padà. Ní ọ̀rúndún kẹrin lẹ́yìn ìbí Jésù ni Donatus, olùkọ́ kan ní Róòmù tó kọ́ Jerome tó padà wá túmọ̀ Bíbélì sí Látìnì, kọ ìwé pẹlẹbẹ kan fún àwọn ọmọdé ní ìbéèrè àti ìdáhùn. Ìsọ̀rí ọ̀rọ̀ mélòó ló wà? Mẹ́jọ. Kí ni pronomen? Ìdáhùn ń bẹ níbẹ̀, ọmọ yóò kà á lórí. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ni àwọn ọmọ Yúróòpù fi ń ka ìwé yìí. Nítorí náà, tí ẹ bá ń kọjá lójú fèrèsé iléèwé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹ gbọ́ tí odidi kíláàsì ń ké pé "Kí ni arọ́pò-orúkọ? Arọ́pò-orúkọ ni...", ẹ mọ̀ pé ìwé Donatus ni wọ́n ṣì ń kà.

Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa kò ṣòroó mọ̀. Ó ti inú Látìnì bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì sì ni àwọn tó kọ́kọ́ ṣe gírámà Yorùbá fi kọ ọ́. Ní 1843 ni wọ́n tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, kọ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, àlàyé gírámà sì wà níwájú rẹ̀. Ti 1858 ló kan Ògbómọ̀ṣọ́ gan-an. Thomas Jefferson Bowen, òyìnbó oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dé ìlú yìí ní 1855, ó sì bá wọn gbé fún ìgbà díẹ̀ kó tó padà sílé. Lẹ́yìn tó padà ni Smithsonian, àjọ onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀-èdè Yorùbá tó kọ jáde. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára ilé-ìwòsàn ńlá tó wà níbí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ fún ọlọ́kadà pé "Bowen ni mò ń lọ" ni kò mọ̀ pé onígírámà ni Bowen.

Ẹ ti lè kíyè sí i pé "ó" ni mò ń lò fún Donatus àti Bowen, bíi pé ẹgbẹ́ mi ni wọ́n. Òyìnbó ni wọ́n, wọ́n ti kú tipẹ́, ẹnu mi kò kàn gbà á láti bọ̀wọ̀ fún wọn. Ti Àjàyí Crowther nìkan ni mo dọ́gbọ́n yẹra fún, torí bíṣọ́ọ̀bù ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìtumọ̀ náà. "Ó ra bàtà", a gbà. "Mo ra bàtà" wá ńkọ́? Orúkọ ta ni "mo" wá gba ipò rẹ̀? Tí ẹni tó ń jẹ́ Adé bá dìde láàárín wa tó ní "Adé ra bàtà", ẹ̀yìn rẹ̀ la ó máa wò láti rí Adé mìíràn. "O ra bàtà" náà kò sàn jù bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn Gíríìkì yẹn ti rí wàhálà yìí: Apollonius, ará Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì, ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Jésù. Dyscolus ni ìnagijẹ rẹ̀, ìyẹn oníkanra. Odidi ìwé kan ló kọ lórí antonymía nìkan, ìwé náà sì ṣì wà. Ó rí i pé orúkọ kò lè ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kò sì lè ṣe ti ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀. Èmi àti ìwọ, wọ́n ń nàka síni ni.

Àwọn ìwé tiwa náà kò fi gbogbo rẹ̀ sí ojú kan. Mo, o, ó, a, ẹ, wọ́n ni wọ́n pè ní arọ́pò-orúkọ. Èmi, ìwọ, òun, àwa, ẹ̀yin, àwọn ni wọ́n pè ní arọ́pò-afarajorúkọ, torí ìwà orúkọ ni wọ́n ń hù: a lè sọ pé "èmi àti Adé", "èmi náà", "èmi kọ́", ṣùgbọ́n ta ló jẹ́ sọ pé "mo àti Adé"? Nínú gbogbo wọn, òun ni mo fẹ́ràn jù. Tí ẹnì kan bá wá sọ fún mi pé "Bísí ní òun ti san owó náà", Bísí ló san án. Tó bá ní "Bísí ní ó ti san owó náà", ẹlòmíràn ni Bísí ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Fáwẹ̀lì kan péré ló yà wọ́n, ẹjọ́ sì lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú rẹ̀, wọ́n á máa béèrè pé "ta ló san owó gan-an?" Ọdún 1974 ni Claude Hagège, onímọ̀ èdè ará Faransé, wá fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní orúkọ lọ́tọ̀ lẹ́yìn tó rí i nínú àwọn èdè Áfíríkà. Àwọn ìyá tó ń ròyìn ìjà nínú ọjà ti ń lò ó láìṣì í lò tipẹ́.

Ẹnì kẹta yìí tún ní ìwà kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Tó bá ti bọ́ sẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe, kì í ní ara tirẹ̀ mọ́, fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀-ìṣe ló máa ń yá lò: mo rí i, mo gbé e, mo pa á, mo kọ ọ́, mo lù ú. Ọmọ tó bá ń wá a nínú gbólóhùn lọ́jọ́ ìdánwò máa ń rò pé àṣìkọ ni.

Mo ní "ẹnì kẹta". Ibo la ti rí kíka ẹnì yìí? Ẹnì kìíní ló ń sọ̀rọ̀, ẹnì kejì là ń bá sọ̀rọ̀, ẹnì kẹta là ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ Gíríìkì náà ló ti wá. Prósopon ni wọ́n pè é, àwọn ará Róòmù ní persona, ọ̀rọ̀ méjèèjì sì ni wọ́n tún ń lò fún ìbòjú tí òṣèré máa ń dè mọ́ ojú nígbà eré. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti wọ ìbòjú kìíní. Tó bá dákẹ́ tí ẹnìkejì rẹ̀ gbà á, wọ́n ti pààrọ̀ ìbòjú nìyẹn, èmi ti di ìwọ, ìwọ ti di èmi.

Ó yẹ kí èyí tètè yé ọmọ Ọ̀yọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ. Lọ́jọ́ tí egúngún ilé wa bá jáde, kò sí ọmọ agboolé tí kò mọ ẹsẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹ̀kú. Wọ́n mọ bí ẹni náà ṣe ń rìn, wọ́n mọ èjìká tó ga ju ìkejì lọ. Síbẹ̀, ta ni yóò la ẹnu pe orúkọ rẹ̀? Ará ọ̀run ni. Nígbà tó bá fi ohùn egúngún sọ pé "èmi", kì í ṣe ọmọkùnrin tó wà lábẹ́ aṣọ ló ń sọ̀rọ̀, gbogbo wa la sì gbà bẹ́ẹ̀, àtẹni tó mọ̀ àtẹni tí kò mọ̀. Ní ti Dionysius àti Donatus, ọ̀rọ̀ mìíràn ló kàn ń gba ipò orúkọ, bíi pé kí Adé má baà pọ̀ jù lẹ́nu ni. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, èèwọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Orúkọ wà, a mọ̀ ọ́n, ẹnu wa ni kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Mo bá ìyá kan ní agboolé wa lọ sí báńkì kan láti ṣí àkáǹtì. Ọmọbìnrin tó ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ béèrè ẹni tó sún mọ́ wọn jù. Ìyá ní ọkọ àwọn ni.

"Kí lorúkọ wọn, mà?"

"Bàbá Làmídì."

"Orúkọ wọn gan-an ni mò ń béèrè."

"Ṣebí Bàbá Làmídì náà ni. Àwọn ló ni ilé alájà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ wọ́n."

Ọmọbìnrin náà fi bírò lu tábìlì díẹ̀díẹ̀. Ó jọ pé ìlú ibòmíràn ló ti wá. Ìyá wò mí, wọ́n fi àgbọ̀n tọ́ka sí fọ́ọ̀mù náà, wọ́n ní, "Ìwọ náà kò ṣe sọ ọ́ fún un?" Mo sọ ọ́. Ìyá yí ojú sí ògiri títí mo fi sọ ọ́ tán, bíi pé aṣọ kan ni mò ń bọ́ lára ọkọ wọn lójú àwùjọ. Wọ́n ti bí ọmọ fún bàbá yẹn, wọ́n ti ní ọmọ-ọmọ, "wọn" àti "àwọn" nìkan sì ni wọ́n fi ń pè wọ́n látọjọ́ tí wọ́n ti wọlé. Arọ́pò-orúkọ rèé ní kíkún, tí kò fi orúkọ sílẹ̀ láti padà sí.

Kì í ṣe ọkọ nìkan. Gbogbo ẹni tí ìyàwó bá nílé ló jù ú lọ ní ètò agboolé wa, àtọmọ tó ṣì ń fi ọwọ́ nu ikun. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyàwó àtijọ́ fi máa ń fún àwọn ọmọ ilé ọkọ wọn ní orúkọ tuntun: Ìbàdíàrán, Adúmáadán, Eyínfúnjowó, Ìdílẹ̀kẹ̀, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ẹni tó ń lọ síléèwé ni Akọ̀wé. Tí orúkọ wọ̀nyí kò bá sí, "ọkọ mi" náà ń bẹ, kódà fún ọmọbìnrin. Mo mọ àǹtí kan nílé wa tí gbogbo ìyàwó ilé ń pè ní Eyínfúnjowó, eyín iwájú wọn sì ti yọ tipẹ́. Orúkọ náà kò yẹsẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, ọmọ ààfin Ṣọ̀ún, ti kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1997. Wọ́n ní ẹ wo arọ́pò-orúkọ Yorùbá: "ó" kò bìkítà bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ohun tó ń wá ni ẹni tó jù ẹni. Ọkùnrin àti obìnrin ni "ó", ewúrẹ́ ni "ó", ṣùgbọ́n tí ó bá ju ọ́ lọ, ó di "wọ́n". Àwọn kan ti bá wọn jiyàn lórí ibi tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé. Lórí ti ó àti wọ́n yìí, mi ò rí ohun tí ẹnikẹ́ni lè jà sí.

Kí ló wá dé tí ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn fi di ti ẹyọ ẹnì kan tó bá dàgbà? Kì í ṣe àwa nìkan. Faransé ń bá àgbà sọ vous, tí í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀, wọ́n ń bá ọ̀rẹ́ sọ tu. Ní 1960, Roger Brown àti Albert Gilman kọ àpilẹ̀kọ kan tí àwọn onímọ̀ èdè kò tíì ṣíwọ́ títọ́ka sí lórí ọ̀ràn yìí, pé agbára ló ń pín irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àti ìbáṣepọ̀. Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ní thou fún ẹnì kan rí, you sì ni "ẹ" wọn. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ìjọ Quaker kọ̀ láti sọ you fún ọlọ́lá kankan, wọ́n ní ẹnì kan ni ẹnì kan ń jẹ́, inú sì bí àwọn ọlọ́lá gidigidi. Nígbà tó yá, thou ló kú. Nítorí náà, òyìnbó tí a máa ń sọ pé kò mọ ọ̀wọ̀, "ẹ" nìkan ló kù sí i lọ́wọ́. Òun náà ló fi ń bá ajá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀, kì í ṣe ibi gbogbo ló ń ṣe bíi tiwa. Ní àwọn ẹ̀ka-èdè apá gúúsù-ìlà-oòrùn, "àn án wá" lè jẹ́ "ẹ wá", ó sì lè jẹ́ "wọ́n wá". Méjèèjì ti di ọ̀kan. Àwọn onímọ̀ kan rò pé ọ̀wọ̀ tí àwa ará Ọ̀yọ́ gbé lé ẹ àti wọ́n lórí ni kò jẹ́ kí wọ́n dàpọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹnì kan tó ti Oǹdó wá fẹ́ ọmọ wa níbí bá ìyá ìyàwó rẹ̀ sọ pé "wo", tí í ṣe "o" tiwọn, nígbà kan, ilé dàrú. Lójú tèmi, wọn ò ṣe dáadáa sí i. Ó ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kó tó sọ̀rọ̀, kí ni wọ́n tún fẹ́?

Tó bá kan ọba, ẹ pàápàá kò tó. "Ṣé Kábíyèsí ti jí?" ni ìjòyè yóò bi Kábíyèsí tó jókòó níwájú rẹ̀. Níbẹ̀, oyè ló wá gba ipò arọ́pò-orúkọ, ẹnì kejì sì di ẹnì kẹta lójú ara rẹ̀. Mi ò tíì rí ìwé ìdánwò tó béèrè nípa ìyẹn.

Ibi tí mo ti ń gbádùn rẹ̀ jù báyìí ni àárín àwọn tí kò mọ ọjọ́ orí ara wọn. "O" lè di ìjà, "Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí?" "Ẹ" náà ní ewu, torí ta ló fẹ́ máa kí àbúrò ẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n? Ẹ wọ máíkírà tó ń lọ sí Ìbàdàn láàárọ̀, kí ẹ jókòó sẹ́yìn àwọn ọkùnrin méjì tó pàdé nínú ọkọ̀. Wọ́n lè sọ̀rọ̀ dé Ọ̀yọ́ láìlo ọ̀kankan. Ọ̀rọ̀ tó wá ràn wọ́n lọ́wọ́ ni "a", tí kò bọ̀wọ̀ tí kò sì rí ẹnikẹ́ni fín.

"Ṣé Ìbàdàn la ń lọ?"

"Ìbàdàn ni o. Ọ̀nà yìí mà ti bàjẹ́."

"Kò dáa rárá. Kajú tọdún yìí ńkọ́, ṣé ó ta?"

"Ó ta díẹ̀. Iléèwé wo la lọ níbí?"

Ẹnì kejì dárúkọ iléèwé náà. Ẹnì kìíní rẹ́rìn-ín, ó ní ibẹ̀ náà lòun lọ.

"Háà! Ọdún wo la jáde?"

"1998."

"1998 kẹ̀? 2003 lèmi jáde! Ẹ má bínú o, bọ̀dá. Ẹ jẹ́ n bá yín sún báàgì yẹn, kí ẹ lè na ẹsẹ̀ yín dáadáa."